Bí Ọ̀sẹ̀ Rájí Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Eku ni ọkọ mi ń tọ́jú. Mo fi í ṣáájú kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín, nítorí pé ohun tí àwọn ará Badarawa àdúgbò wa kọ́kọ́ máa ń sọ nípa rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ṣe é ní ilé àyẹ̀wò ìjọba níbí ní Kàdúná: eku funfun, ojú pupa, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún nínú àgò onírin. Òun ló ń kó ìgbẹ́ wọn, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló mọ èyí tó lóyún àti èyí tí ara rẹ̀ kò yá. Bí ó bá wọlé nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbóòórùn wọn lára aṣọ rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo ní kó máa bọ́ aṣọ náà sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn tó kú, mo wá a jáde nínú àpótí, mo gbé e símú, òórùn ọṣẹ nìkan ló kù níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fọ ìyókù dànù.

Rájí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Gbànja ló gbé e dé Òkè Ọya. Ó tó ọmọ ogún ọdún nígbà tó tẹ̀lé oníṣòwò kan wọ rélùwéè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó ti àwọn agbọ̀n gbànja, kó máa wọ́n omi sí ewé tí wọ́n fi bò wọ́n, kó sì máa ṣa èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀ kúrò. Èyí tí kòkòrò bá wọ̀, tirẹ̀ ni. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e dé Kàdúná, ó ti di bárakú fún un. Nígbà tó fẹ́ mi, awẹ́ mẹ́wàá ló ń jẹ lójúmọ́, eyín rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ ìlú yìí. Èmi kì í jẹ ẹ́. Ìyá mi ló kà á léèwọ̀ fún mi, ó ní kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí.

Ilé kéú ni ọkọ mi lọ. Ó máa ń fi háráfì Lárúbáwá kọ Yorùbá, bí àwọn alfa ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ lẹ́tà òyìnbó. Èmi ni mo mọ ìyẹn, níwọ̀nba. Nígbà tí ìjọba gbé ogun dìde sí àìmọ̀wé, tí wọ́n ń kó àwa àgbà jọ lọ́sàn-án láti kọ́ wa, oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi lọ. Háúsá ni wọ́n fi kọ́ wa, èmi wá fi lẹ́tà wọn kọ Yorùbá ara mi. Nítorí náà, nínú ilé wa, ọkọ ń kọ láti ọ̀tún, ìyàwó ń kọ láti òsì.

Ọdún 1959 ni Dókítà Oyèdélé dé láti ìlú òyìnbó. Kì í ṣe irú dókítà tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ọpọlọ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tó ń wá ni ìdí tí nǹkan fi ń di bárakú. Ènìyàn á ní òun ò jẹ ẹ́ mọ́, á búra, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tún gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Gbogbo ayé ń pe ìyẹn ní ìwàkiwà. Dókítà ní òun ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní omi wà nínú ọpọlọ tí apá kan rẹ̀ fi ń bá apá kejì sọ̀rọ̀, àti pé ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́ máa ń yí omi náà padà. Ó lè jẹ́ tábà ló mú, tàbí ọtí, ṣùgbọ́n gbànja ló mú, nítorí pé Kàdúná ló wà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, ọmọ Onítẹ̀bọmi. Níwájú àwọn òyìnbó, "Rájí" ló ń pe ọkọ mi. Bí ó bá ku àwọn méjèèjì, "Ẹ̀gbọ́n" ni.

Iṣẹ́ wọn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Nínú àgò kọ̀ọ̀kan, ìgò méjì ló wà, omi lásán nínú ọ̀kan, omi tí wọ́n fi gbànja lílọ̀ sí nínú ìkejì. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí eku lè gùn kó máa yí. Láràárọ̀ ni Rájí ń wo bí omi ṣe fà sí nínú ìgò kọ̀ọ̀kan àti iye ìgbà tí kẹ̀kẹ́ yí. Lóṣù kìíní, eku kò fẹ́ràn omi gbànja, nítorí ó korò. Lóṣù kẹta, òun ni wọ́n ń mu jù. Bí wọ́n bá yọ ìgò gbànja kúrò, kẹ̀kẹ́ á dúró, eku á ká jọ sí kọ̀rọ̀, á di ojú. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á tún jí.

Dókítà kọ èyí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìdáhùn dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1962. Wọ́n ní eku kì í ṣe ènìyàn. Wọ́n ní ó lè jẹ́ òtútù ọyẹ́ ló mú wọn. Bí kò bá lè fi hàn lára ènìyàn kí oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ tó parí, wọn yóò gba yàrá náà fún iṣẹ́ ẹlòmíràn, wọn yóò pa àwọn eku, Rájí yóò sì lọ máa gé koríko.

Rájí sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ ti aládùúgbò. Ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ tán. Lójú tèmi, ẹ̀rù gígé koríko kọ́ ló ń bà á. Ọdún mẹ́wàá ló ti wà níbẹ̀, wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́tipẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ẹni tó ń bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí lónìí?" ni.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé níbo lèèyàn ti máa rí ogún ènìyàn tó ń jẹ gbànja, tí gbogbo wọn yóò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà? Dókítà bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò. Mẹ́rin gbà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń jẹnu.

Ààwẹ̀ dé nínú oṣù kejì. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣíwájú rẹ̀ ni Dókítà ní kí Rájí yọ ìgò gbànja kúrò nínú àgò méjìlá. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Rájí jókòó síwájú àwọn àgò náà, orí ń fọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń lu irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí ààwẹ̀ ni a máa ń pè é. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń ṣe àwọn ọkùnrin wa, a sì gbà pé ebi ni, pé láádá sì wà nínú rẹ̀.

Ó wo eku. Eku náà ká jọ, ó di ojú. Oúnjẹ kún iwájú rẹ̀. Omi wà nínú ìgò. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Rájí fúnra rẹ̀ bu oúnjẹ yẹn fún un, ó sì rí i pé ó jẹ ẹ́.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí òun wí sókè ni pé, "Ìwọ ò kúkú gbààwẹ̀."

Kò dúró jẹ dàbínò ìṣínu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó wọlé tọ̀ mí wá níbi tí mo ti ń po kókó, ògì ọkà bàbà tí a fi ń ṣínu.

"Ìyá Amudat, ṣé orí ń fọ́ ẹ?"

"Rárá."

"O gbààwẹ̀ lónìí?"

"Bàbá Amudat, ṣé ẹ rí oúnjẹ lẹ́nu mi ni?"

"Dá mi lóhùn dáadáa. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ṣé orí fọ́ ẹ rí lọ́jọ́ kìíní?"

Mo rò ó. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Òùngbẹ ń gbẹ mí, ó ń rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n orí kò fọ́ mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin ni ebi máa ń pa jù."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì di orí rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín náà dùn ún. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ gbànja, awẹ́ kan péré, ó sì ní kí n jókòó máa wo òun. Kí a tó kí Ìṣáì tán, ẹ̀fọ́rí ti lọ. Kò tíì mu kókó rárá.

Lọ́jọ́ kejì ó sọ ọ́ fún Dókítà. Dókítà fi gègé rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ."

"Mo ní gbogbo mọ́sáláṣí wa ló fi gbànja sílẹ̀ lánàá, láti ìdájí títí di alẹ́. Ìjọba ò pàṣẹ. Ẹ ò sì bẹ wọ́n. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe é."

Ọmọ Onítẹ̀bọmi ni Dókítà. Ó ti bá àwọn mùsùlùmí gbé láti kékeré, kò sì wo ààwẹ̀ báyìí rí. Rájí ní ohun tó sọ ni pé, "Mo lọ títí dé ìlú òyìnbó lọ wá ohun tó wà nílé Lemọ́mù."

Ọdún yẹn ti kọjá lọ́wọ́ wọn, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó dé. Ète wọn ni pé kí wọ́n mú ènìyàn mẹ́rìnlélógún tó ń jẹ gbànja. Kí méjìlá máa dín tiwọn kù díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣíwájú ààwẹ̀, kí méjìlá tó kù máa jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ebi kan náà ni yóò pa gbogbo wọn. Bí ebi bá ló ni ẹ̀fọ́rí, orí gbogbo wọn yóò fọ́. Bí ó bá jẹ́ gbànja, a ó rí i.

Ààwẹ̀ ọdún 1963 yóò bọ́ sí ìparí oṣù kìíní. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè ṣe é kí ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá dá tó pé.

Alfa Mahmud, ọmọ Ìlọrin, ló ń kírun fún wa ní mọ́sáláṣí Doka. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó gbọ́ ti Rájí tán, ó ní, "Láádá wà nínú ẹ̀fọ́rí ààwẹ̀. Ìwọ wá ń sọ fún mi pé gbànja ni?"

"Gbànja ni, Alfa."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ọkọ mi kò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Eku ni."

Jimoh tó ń ta gbànja lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí wà níbẹ̀. Ó ní, "Haba, Rájí. Mo ti ń sọ pé bó bá pẹ́ títí, o ó máa sá fún ológbò. O wá fẹ́ bà mí lọ́jà jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alfa kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní a kì í gbé ìjọsìn sórí òṣùwọ̀n. Oṣù kan gbáko ni Rájí fi ń padà lọ, Alfa ń fi ọ̀wọ̀ dá a padà. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, Alfa fúnra rẹ̀ wá sí ilé wa ní Badarawa, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí Rájí má bínú, òun ò lè ṣe é.

Mo gbé omi fún un. Ó mu ún tán, mo kúnlẹ̀ gba ife, mo ní, "Alfa, mo ní ìbéèrè kan."

"Béèrè."

"Ó pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń gbààwẹ̀ nílé ọkọ mi. Orí kò fọ́ mi rí lọ́jọ́ kìíní, nítorí mi ò jẹ gbànja. Ṣé kò sí láádá nínú ààwẹ̀ tèmi ni?"

Alfa wò mí. Rájí wo ilẹ̀.

"Ìyá Amudat, o fẹ́ dájọ́ fún mi nínú ilé ẹ."

"Ẹ forí jì mí, Alfa. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ni."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín Alfa Mahmud. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. Ó wá kọjú sí ọkọ mi, ó ní kó ṣàlàyé ohun tí dókítà rẹ̀ ń wí, ṣùgbọ́n kó fi eku sílẹ̀.

Rájí ní, "Alfa, ẹ jẹ́ ká ní àlejò kan ń wá sílé yín lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa fi í sí. Nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ ti ń se oúnjẹ rẹ̀ mọ́ tiyín, ẹ ti tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan kò wá. Oúnjẹ ti pọ̀ jù, ẹní wà lófìfo, gbogbo ilé dàrú. Ohun tí ọpọlọ ń ṣe nìyẹn. Ilé ló ń dàrú, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ onílé. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá sọ fún yín pé díẹ̀díẹ̀ lòun máa dín ẹsẹ̀ kù, ẹ ó máa dín oúnjẹ kù."

Alfa ní, "Ìyẹn yé mi." Ó gbà, ó sì fi àdéhùn sí i: wọn kò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, wọn kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò, kó kúrò.

Dókítà fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa wá sọ bí orí ṣe ń fọ́ wọn sí. Rájí ní kò ní ṣeé ṣe. Ọkùnrin wa tó ń gbààwẹ̀ kì í ráhùn. Bí o bá bi í, yóò ní "Àlùhámúdúlílà," kódà kí ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní wọn kò ní fi ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ọwọ́ sọ ọ́. Ó wá agolo mẹ́rìnlélógún, ó fi háráfì kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀, ó tò wọ́n sórí pákó nínú mọ́sáláṣí. Lẹ́yìn Àsárì, kí ẹni tí orí kò fọ́ má ju nǹkan kan sí i. Kí ẹni tí orí ń fọ́ níwọ̀nba ju kóró kan. Kí ẹni tí tirẹ̀ le ju méjì. Kóró dàbínò ló yàn, nítorí kò sílé tí kì í sí lásìkò ààwẹ̀. Èmi ni mo fọ kóró náà, tí mo sá a sóòrùn.

Wọ́n fi ìwé ṣẹ́ gègé nínú fìlà Alfa láti mọ ẹni tó máa dín gbànja kù. Jimoh bọ́ sí àwọn tó máa dín in kù. Ó ní, "Èmi tí mò ń tà á?" Rájí bọ́ sí àwọn tí kò gbọdọ̀ dín in. Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ara rẹ̀ kúrò. Ó kọ̀. Ó ní wọn yóò sọ pé òun mú ara òun yẹ ẹ̀fọ́rí tí òun fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn. Báyìí ni ẹni tó mọ ọ̀nà àbáyọ ṣe jẹ awẹ́ mẹ́wàá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tó ń dúró de ohun tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ààwẹ̀ dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Rájí kó gbogbo agolo wálé nínú àpò, Dókítà sì bá a wá. A tú wọn sórí ẹní, àwọn tó dín in kù lápá kan, àwọn tí kò dín in kù lápá kejì. Àwọn tí kò dín in kù ní kóró méjìlélógún. Àwọn tó dín in kù ní mẹ́tàlélógún.

Rájí tún un kà. Orí ti tún ń fọ́ òun náà gidi gan-an. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé a ti ṣìnà."

Èmi ni mo ń kó kóró náà padà, kí n lè rí ohun ṣe. Ìka mi lẹ̀ mọ́ra. Mo wo kóró tó wà lọ́wọ́ mi, mo wo òmíràn. Ọ̀kan gbẹ, ó ń dán. Ìkejì ṣì ní ẹran dàbínò lára.

Mo ní, "Bàbá Amudat, èyí kì í ṣe kóró mi."

"Báwo ni?"

"Tèmi ni mo fọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ èyí ni."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́nu, ó tọ́ ọ wò, ó sì rántí pé ààwẹ̀ ni, ó sáré tu ú jáde. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Jimoh. Jimoh ní, "Ẹ fi agolo sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń ṣínu. Orúkọ mi wà lára ẹ̀. Mo jẹ dàbínò márùn-ún, mo ju kóró síbẹ̀. Ṣé kí n jù ú sílẹ̀ mọ́sáláṣí ni?" Apá ibi tí wọ́n ti ń pín dàbínò gan-an ni agolo àwọn tó dín in kù wà.

Dókítà ní kí a ṣa èyí tó ń lẹ̀ kúrò, kí a ka èyí tó gbẹ. Mo ti na ọwọ́. Ọkọ mi ní rárá. Ó ní, "Dókítà, bó bá jẹ́ pé àwa ni ṣíṣà ọ̀hún máa dára fún, a ò gbọdọ̀ ṣa á. Ẹni tó bá mọ̀ lọ́la yóò ní a fi ọwọ́ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká da ti ọjọ́ kìíní nù." Dókítà ní bí a bá dà á nù, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí ẹ̀fọ́rí tó kásẹ̀ nílẹ̀, bí ìyẹn kò bá sì tó, iṣẹ́ tán nìyẹn. Rájí ní òun mọ̀.

A dà á nù. Èmi gan-an ni mo dà á sẹ́yìnkùlé. Lónìí, nígbà tí mo bá rántí ọkọ mi, ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ nìyẹn: pé pẹ̀lú orí tó ń fọ́ ọ yẹn, ó ní kí a dà á nù.

Àgbàdo gbígbẹ ló fi rọ́pò. Ó dìde lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, àgbàdo ni o. Ẹni tó bá tún jẹ èyí, a ó mọ̀ pé orí ẹ̀ ti fọ́ tán."

Nígbà tí a ka ti ọjọ́ kejì, àwọn tó dín in kù ní márùn-ún. Àwọn tí kò dín in kù ní mọ́kànlélógún. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́rin sí mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ kẹrin, méjì sí mẹ́sàn-án. Rájí ń kà á láti ọ̀tún, èmi ń kọ ọ́ láti òsì sínú ìwé tí Dókítà lè kà. Jimoh kò ju hóró kan sí tirẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní òun rò pé agolo òun ti jò ni.

Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ kí oṣù kẹta tó parí. Wọn kò gba yàrá. Wọn kò pa eku. Lọ́dún 1964, ohun tí Dókítà kọ jáde ní títẹ̀, ó gbé e wá sílé wa, ó sì túmọ̀ ìlà ìparí rẹ̀ fún wa: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Rájí, olùtọ́jú ẹranko, ẹni tó kọ́kọ́ rí ohun tí ìwé náà sọ. Rájí ní, "Níbo ni Rájí wà?" Mo fi ìka rẹ̀ síbẹ̀. Ó fi ìka náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó wá ní, "Wọn ò kọ ìyàwó mi. Òun ló rí kóró."

Dókítà ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbàgbé." Ojú tì í lóòótọ́. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ síbí báyìí.

Ní òjò ọdún 1965, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkọ mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi dùbúlẹ̀. Dókítà wá sí ìsìnkú, ó bọ́ bàtà, ó dúró sẹ́yìn àwọn tó ń kírun sí i lára, ó dijú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò wá bi mí léèrè orúkọ àwọn eku kan, nítorí Rájí sọ wọ́n lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Èmi náà kò mọ̀.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Ọyẹ́ dé, ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo ń ti ọ̀dọ̀ Amudat bọ̀, mo gba iwájú mọ́sáláṣí Doka kọjá, Jimoh jókòó síwájú igbá gbànja rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí na ọwọ́, ó ní kó fún òun ní mẹ́rin. Jimoh mú méjì, ó fi ọ̀bẹ là wọ́n, ó fún un ní ìdajì ìdajì.

Ọmọ náà ní, "Baba, mẹ́rin ni mo wí."

"Mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ Rájí la wà."

"Ah, to. Satin Raji." Ó fi Háúsá tún Ọ̀sẹ̀ Rájí pè, kò sì jà mọ́. Ó ju ìdajì sẹ́nu.

Jimoh ti rí mi. Ó gbé ojú sókè. Mo bi ọmọ náà pé, "Ta ni Rájí tí ẹ ń wí?"

Ó rò ó. Ó fi Yorùbá tí kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu sọ pé, "Ìyá, mi ò mọ̀ dáadáa. Wọ́n ní alfa ńlá kan ni, ní Ìlọrin, láyé àtijọ́."

Mo ní, "Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Eku ló ń tọ́jú."